Ọdẹ́yalé àti Egungun Àgbọ̀n tí Ó Pa Mọ́ fún Ọdún Mẹ́fà

Ẹni tó bá ní obì lẹ́nu, kó tètè gbé e mì. Ẹni tó bá sì fẹ́ húkọ́, kó hú u tán nísinsìnyí, nítorí ìtàn tó wà lọ́wọ́ mi yìí kì í dúró de ẹni tó ń húkọ́. Ìtàn Ọdẹ́yalé ni, ọdẹ Ìdí-Ọ̀mọ̀, ọkọ Àwẹ̀ró, ọkùnrin tó jẹ́ pé bí o bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lọ́jà lónìí, tí ẹ bá tún pàdé ní ọdún mẹ́wàá sí i, ẹsẹ̀ yẹn ni yóò kọ́kọ́ nà sí ọ kí o tó rí àyè kí i.

Kí ẹ tó mọ ìdí tó fi rin ìrìn tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í rìn, ẹ jẹ́ kí n sọ òfin ilé ọdẹ wọn fún yín. Ní Ìdí-Ọ̀mọ̀, wọn kì í pa ọmọ ẹran. Ẹran tí kò bá tíì rí ẹ̀ẹ̀rùn méjì lókè eèpẹ̀, ìbọn kò gbọdọ̀ dún sí i. Ọdẹ tó bá rú òfin yìí, ilé alágbẹ̀dẹ ni wọn yóò gbé ìbọn rẹ̀ lọ, wọn yóò rọ ọ́ di ọkọ́, olúwa rẹ̀ yóò sì máa roko títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Àṣà kan tún wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá pa ẹran, wọn a yọ egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọn a fi okùn tí ọdẹ náà fi àmì sí so ó kọ́ igi àjà ilé ọdẹ, níbi tí èéfín ti ń bá a. Àgbọ̀n pọ̀ lókè níbẹ̀ bí àdán inú ihò àpáta. Bí o bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń so ó fún, wọn a ní, "Àwọn baba wa ló ń so ó." Ọ̀rọ̀ tán.

Ìwo ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí ẹran. Ìwo gígùn, àgbà. Ìwo kúkúrú, ọmọdé. Ìwo náà ló sì dá ìjà sílẹ̀.

Ní ọdún kan, Ọdẹ́yalé pa àgbọ̀nrín kan. Akọ ni, ó ga, ó sanra, awọ rẹ̀ ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á. Ṣùgbọ́n ìwo rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ. Bó ti sọ ọ́ kalẹ̀ ní ojúde Olúọdẹ, baba tó jẹ́ olórí gbogbo ọdẹ ìlú náà, ni Ògúnjọbí, ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ògiri kan ṣoṣo pààlà ilé wọn, bẹ̀rẹ̀, tó fi àtàǹpàkò wọn ìwo náà.

"Ọdẹ́yalé," ó ní, "ṣé o pa á ni, àbí o já a gbà lẹ́nu ọmú?"

Gbogbo ilé ọdẹ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi o: ẹ̀sùn náà kò dun Ọdẹ́yalé tó ẹ̀rín yẹn.

"Ẹran tó sanra báyìí lo pè ní ọmọ?"

"Ọmọ mi tó ń rákò nílé sanra jù ọ́ lọ. Ṣé kí n lọ pè é wá kó wá di ọdẹ?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Olúọdẹ gbọ́wọ́ sókè. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí ta kókó. Ìwo kúrú, ara tóbi. N kò ní í pè é ní ọmọ, n kò sì ní í pè é ní àgbà. Ọdẹ́yalé, ara ògiri ni ìbọn rẹ yóò wà títí o ó fi mú ẹ̀rí wá. Bí ẹ̀rí bá ní àgbà ni, gba ìbọn rẹ, gba àga rẹ. Bí ó bá ní ọmọ ni, alágbẹ̀dẹ ń dúró. Títí di ọjọ́ náà, ọ̀dọ̀ àwọn ajá lẹ́nu ọ̀nà ni ìjókòó rẹ."

Ọdẹ́yalé yọ àgbọ̀n ẹran náà, kò jẹ́ kí wọ́n so ó kọ́ àjà. Ó fi ahọ́n kan irin lójú gbogbo wọn, ó ní, "Ohun tí àgbọ̀n yìí bá sọ, òun ni èmi náà yóò sọ. Bí mo bá fi pa mọ́, kí irin má ṣe jẹ́ tèmi mọ́ láyé."

Láti ọjọ́ náà, kò bá Ògúnjọbí sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu tí kò bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ìyẹn kò sọ pé ó dákẹ́. Ọdẹ́yalé mú ọmọ ajá kan wálé, ó sọ ọ́ ní Ọjọ́-Ń-Bọ̀. Bí Ògúnjọbí bá ti ń rún pákò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀, Ọdẹ́yalé á yọ sí gbangba: "Ọjọ́-Ń-Bọ̀! Ọjọ́-Ń-Bọ̀ ooo! Wá jẹun!" Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Ògúnjọbí náà fi mú ajá tirẹ̀ wá. Ó sọ ọ́ ní Bó-Dé-Ń-Kọ́. Báyìí ni àwọn ọkùnrin méjì tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ ṣe ń fi ajá bú ara wọn fún ọdún mẹ́fà. Èyí á ké, "Ọjọ́-Ń-Bọ̀!" Ìyẹn á dáhùn, "Bó-Dé-Ń-Kọ́!" Àwọn ajá náà kò mọ nǹkan kan ní tiwọn. Abẹ́ ìgànná kan náà ni wọ́n jọ ń sùn.

Àwẹ̀ró ló fòpin sí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé àgbọ̀n náà kúrò lórí pẹpẹ ìkòkò rẹ̀, ó gbé e lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Olówó orí mi, ọdún mẹ́fà lẹ ti ń ké pe ajá. Ẹ̀rí kì í fẹsẹ̀ rìn wá bá ènìyàn nílé. Ẹ lọ wá ẹni tó mọ ọjọ́ orí ẹran, tàbí kí ẹ so nǹkan yìí kọ́ àjà, kí n rí àyè gbé ìkòkò mi sí."

"Àwẹ̀ró, ta ló mọ ọjọ́ orí ẹran bí kò ṣe ẹran fúnra rẹ̀?"

"Ẹ lọ bi í."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ ọkùnrin náà lára. Ó ki àgbọ̀n bọ inú àpò awọ, ó mú àdá, ó mú iṣu sísun, ó súfèé sí ajá rẹ̀, ó sì kọjú sí Igbó Àìwọ̀tán. Ẹ má bi mí bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe rí. Ibẹ̀ ni igi ti ń sún fún ara wọn kí òjìji lè kọjá. Ọdẹ tí kò bá láyà á ti ibẹ̀ padà wá máa sin adìẹ. Ọdẹ́yalé ń lọ, ó ń fọ́nnu:

"Èmi Ọdẹ́yalé! Mo wọ igbó, igbó kí mi kú àárọ̀! Mo gbàgbé oúnjẹ àná, n kò gbàgbé ọ̀rọ̀ èṣí! Ẹni tó rín mi lẹ́rìn-ín, kó pa eyín rẹ̀ mọ́ dè mí!"

Ẹ jẹ́ kó máa fọ́nnu. Ẹnu àparò ló ń fi pe ọdẹ pé òun sanra.

Ìlú tó kọ́kọ́ dé ni Ìlú Oníwo. Ara ènìyàn ni ará ibẹ̀ ní, orí wọn orí ẹran, àti ọkùnrin àti obìnrin wọn ló ní ìwo. Bí ìwo rẹ bá ṣe gùn tó níbẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ọ tó. Àwọn tí ìwo wọn ga bí òpó ń jókòó sórí ìtẹ́, àwọn tí ìwo wọn kúrú ń gbá ọjà. Bí wọ́n ti rí Ọdẹ́yalé, wọ́n wo orí rẹ̀ níwájú, wọ́n wò ó lẹ́yìn, wọ́n fọwọ́ pa á láàárín.

"Kò ní ìwo rárá," ọ̀kan ní.

"Àánú ṣe mí. A kò tíì bí i dáadáa. Ta ló ju ọmọ tuntun sílẹ̀ báyìí?"

"Ẹ dákun, èmi kì í ṣe ọmọ," Ọdẹ́yalé ní. "Mo ní aya nílé. Mo ní irùngbọ̀n."

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sunkún. Ebi ń pa á."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìyá kan tí ìwo rẹ̀ ń gbá òrùlé sọ Ọdẹ́yalé sẹ́yìn, ó fi ọ̀já gbá a. Ó dá a dùbúlẹ̀ sórí itan, ó di imú rẹ̀, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ rọ ọ́ ní ẹ̀kọ gbígbóná bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ. Nígbà tí ẹ̀kọ ta á lórí, ìyá náà fi ẹnu fa ikun imú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi pọn ọdẹ tó ti pa ẹfọ̀n! Ọjọ́-Ń-Bọ̀ ń tẹ̀lé wọn kiri, ó ń ju ìrù, nítorí ẹ̀kọ tó bá ti ta sílẹ̀, tirẹ̀ ni. Ọdẹ́yalé fi orúkọ ìyá náà pa mọ́ sínú, níbi tó ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé e lọ kí ọba. Ìwo ọba yìí ga débi pé wọ́n dá òrùlé ààfin lu kó lè jókòó. Ọdẹ́yalé rò ó pé, "Ẹni tí ìwo rẹ̀ tó báyìí á ti rí ìpilẹ̀ ayé." Ó tú ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìyá náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Kábíyèsí, àgbà tó ju gbogbo àgbà lọ! Ẹ̀yin ni ẹ ó sọ ọjọ́ orí ẹran fún mi."

Kábíyèsí wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni Kábíyèsí la ẹnu, ó bú sẹ́kún, ó ń nawọ́ sí ọmú ìyá rẹ̀. Ó sì tọ̀ sí Ọdẹ́yalé lórí.

Ó kù díẹ̀ kí ọ̀kan nínú àwọn agbálẹ̀ ààfin kú sẹ́rìn-ín. Ìwo tirẹ̀ kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ. "Ọmọdé yìí" ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó fa Ọdẹ́yalé sẹ́yìn ògiri, ó fún un ní omi ìwẹ̀.

"Ọkùnrin, o jẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ oṣù mẹ́rin!"

"Baba, ìwo rẹ̀ ni mo wò."

"Gbogbo wa là ń wò ó. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ọwọ́ fi ń jọba lé wa lórí, tí èmi ń gbálẹ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìwo ni aṣọ. Bí ìyá ènìyàn bá jẹun dáadáa, bí igbó bá tutù, aṣọ á tètè gùn. Àkísà ni kí o wá."

"Níbo ni àkísà wà?"

Agbálẹ̀ la ẹnu. Eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti jẹ lọ, ó kù pẹlẹbẹ mọ́ èrìgì bí ọlọ àtayébáyé. "Ó wà níbí. Lọ bá Ìyá Eyín-Kù-Méjì ní ilẹ̀ oníyọ̀. Òun ló mọ̀ ọ́n kà."

Inú Ọdẹ́yalé dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Baba tó gbó tó báyìí, ìwo rẹ̀ kúrú! Ẹran tòun náà ńkọ́? Ó lu àpò rẹ̀ pẹ́pẹ́. "Ògúnjọbí," ó ní, "ọjọ́ ti ń wọlé." Ajá rẹ̀ rò pé òun ni wọ́n ń pè.

Bó ti yọ́ kúrò nílùú náà, kò pẹ́ tó fi bá Ẹlẹ́nu-Gbàgede pàdé. Iwin ni. Kò ní ẹsẹ̀, kò ní ọwọ́, ẹnu ni gbogbo rẹ̀, ó sì la ẹnu náà sílẹ̀ sórí ọ̀nà débi pé inú ẹnu rẹ̀ ni ọ̀nà gbà kọjá. Ó wo Ọdẹ́yalé láti òkè ètè.

"Ìwọ ẹran jíjẹ yìí, níbo lò ń lọ?"

"Ìwọ ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, kí ló kàn ọ́?"

"Háà! Ó lẹ́nu!"

"Ìwọ lo lẹ́nu. Èmi ní ìyókù."

Iwin rẹ́rìn-ín, ewé já sílẹ̀ lórí igi. Ó ní, "O dùn ún bá ṣeré. Bí o bá gba àlọ́ mi, kọjá. Bí o kò bá gbà á, má ṣe da ara rẹ láàmú, ibi tí o ń lọ náà ni, ṣùgbọ́n n ó kọ́kọ́ jẹ ọ́. Kí ló ń jẹ oúnjẹ lójoojúmọ́, tí oúnjẹ náà sì ń jẹ ẹ́?"

Ọdẹ́yalé ronú títí òógùn fi bò ó. Ó rántí Àwẹ̀ró lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ata.

"Ọlọ ni!"

"O fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Ọlọ jẹ́ àbúrò rẹ̀. Kí ni ẹ̀gbọ́n?"

Ọdẹ́yalé rántí ẹnu agbálẹ̀. "Eyín," ó ní jẹ́jẹ́.

"Wọlé, jàre. Ṣùgbọ́n nu ẹsẹ̀ rẹ."

Ó rìn kọjá láàárín eyín tó tó odó, eyín iwájú wà nísàlẹ̀, kò sí lókè, ajá rẹ̀ sì ń gbóòórùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bọ́ sí òdì kejì, orí ilẹ̀ funfun láúláú ló bá ara rẹ̀. Ilẹ̀ oníyọ̀ nìyẹn, ibi tí gbogbo ẹran igbó ti ń wá lá ilẹ̀ nítorí iyọ̀ inú rẹ̀. Ìyá arúgbó kan jókòó sórí òkúta níbẹ̀. Orí rẹ̀ orí abo àgbọ̀nrín, kò ní ìwo kankan, eyín méjì péré ló kù lẹ́nu rẹ̀.

Ọdẹ́yalé dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó, Ìyá."

"Dìde, ọmọ mi. Ìlú Oníwo lo gbà wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ṣé wọ́n rọ ọ́ ní ẹ̀kọ?"

Ọdẹ́yalé wo ilẹ̀. "Wọ́n rọ mí, Ìyá."

"Wọ́n rọ èmi náà. Ọgọ́ta ọmọ ọmọ ni mo ní nígbà náà. Mo ṣì ń bá wọn yan odì." Ọkàn Ọdẹ́yalé fà mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó mọ ìwà ni.

Ó sọ ohun tó bá wá. Ìyá kó àgbọ̀n mẹ́ta síwájú rẹ̀. "Tò wọ́n fún mi láti ọmọdé dé àgbà."

Ọdẹ́yalé fi kékeré síwájú, ó fi ńlá sẹ́yìn. Ìyá fi igi gbá a níka.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Àwọn ọdẹ ìlú wa ni, Ìyá."

"Ó hàn. Gbọ́. Àwa kò ní eyín iwájú lókè, ti ìsàlẹ̀ nìkan la ní, má jẹ̀ẹ́ kí ìyẹn dí ọ lọ́wọ́. Wọ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ. Ka eyín láti iwájú: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Dúró sórí ẹ̀kẹta. Bí orí rẹ̀ bá pín sí mẹ́ta bí ààrò ìdáná, eyín ọmọdé ni. Ẹran náà kò tíì rí ẹ̀ẹ̀rùn kejì. Tí ó bá ń súnmọ́ ẹ̀ẹ̀rùn kejì, eyín yẹn á bọ́, òmíràn tó ní orí méjì á yọ dípò rẹ̀, á funfun nini lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́, Ìyá?"

"Wo òkè eyín. Ilà funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ilà tó pọ́n rúsúrúsú wà láàárín. Bí funfun bá fẹ̀ ju pupa lọ, ara rẹ̀ ṣì le. Bí pupa bá fẹ̀ ju funfun lọ, ó ti dàgbà. Bí gbogbo rẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọlọ tí ìyàwó jogún lọ́wọ́ ìyá ọkọ, dọ̀bálẹ̀ fún un kí o tó gbé e."

"Ẹ̀ẹ̀rùn mélòó gan-an nìyẹn?"

Ìyá já koríko etí odò, ó ní kí Ọdẹ́yalé máa jẹ ẹ́. Iyanrìn kún inú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń rún un, kẹ̀kẹ̀rẹ̀, kẹ̀kẹ̀rẹ̀, tí eyín ń dùn ún dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ó ké: "Ìyá, ẹ gbà mí, eyín mi ń tán lọ!"

"Ìdáhùn rẹ nìyẹn. Ẹni tó ń jẹ koríko oníyanrìn á tètè lo eyín tirẹ̀ tán, ẹni tó ń jẹ ewé tútù á pẹ́. Eyín kì í parọ́, ṣùgbọ́n kì í sọ tán. Ó máa ń dá ọmọdé mọ̀ ketekete. Àgbà, ó máa ń fojú bù ú ni. Ẹni tó bá ní òun mọ iye ọdún àgbà ẹran láìsí iyèméjì, ìwo ló ń wò. Ó yá, mú tìrẹ jáde."

Ọdẹ́yalé tú àpò. Ó gbọn èéfín ọdún mẹ́fà kúrò lára àgbọ̀n, ó kọ́kọ́ húkọ́ bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀ láàárín ìgbìmọ̀. Ó fi àtàǹpàkò ka eyín. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta.

Àtàǹpàkò rẹ̀ dúró. Ó gun orí kan, ó gun èkejì, ó sì tún gun ẹ̀kẹta.

Ó yí apá kejì. Apá kejì sọ ohun kan náà. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó fi aṣọ nù ún. "Ó lè jẹ́ èéfín ló dì mọ́ ọn," ó ní. Kì í ṣe èéfín.

"Kí lo sọ ajá rẹ?" Ìyá bi í.

"Ọjọ́-Ń-Bọ̀."

"Ó ti dé."

Ìyá gba àgbọ̀n náà, ó fi ọwọ́ pa á lára bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Ọmọ ọmọbìnrin mi ni. Ó sanra láti kékeré. Oko ẹ̀wà yín ló máa ń lọ jẹ, mo ní kó má lọ, etí rẹ̀ kì í gbọ́ràn. Mo gbọ́ ìró kan lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé àrá ni."

Ọdẹ́yalé kò lè gbójú sókè. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fi àyà lé iyọ̀. "Ìyá, ẹ forí jì mí. N kò mọ̀."

"Mo rí i pé o kò mọ̀. Bí mo bá pa ọ́, àwọn yòókù á tún wá, wọn ò ní í mọ̀. Gbé e. Odò kan wà lọ́nà tí o ó gbà lọ, ó jìn. Bí o bá jù ú síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa béèrè."

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, kí lẹ̀ bá ṣe? Ẹ má dá mi lóhùn, mo mọ̀ yín. Ọdẹ́yalé dúró létí odò náà láti ìgbà tí oòrùn wà lórí títí òjìji rẹ̀ fi gùn jù ú lọ. Bó bá sọ òótọ́, ìbọn rẹ̀ di ọkọ́. Ògúnjọbí á sì rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó fa apá sẹ́yìn.

Ohun tó mú apá náà dúró kì í ṣe ìwà mímọ́. Orí kunkun ni. Ó ti fi ahọ́n kan irin. Ọdún mẹ́fà ni kò fi jẹ́ kí Ògúnjọbí yí òun lọ́kàn padà, ṣé omi lásán ló máa wá yí i? Bó ti ń rò ó báyìí ni nǹkan mìíràn wá sí i lọ́kàn. Ó rántí àjà ilé ọdẹ, ó rántí àwọn egungun tó ń rọ̀ lókè orí wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rín in débi pé ẹja yọrí wá wò ó.

Ọjọ́ ìpàdé ló wọlé, oòrùn ọ̀sán ń ràn, ilé ọdẹ kún. Ọdẹ́yalé kí gbogbo ilé, ó lọ jókòó sọ́dọ̀ àwọn ajá lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọdẹ́yalé," Olúọdẹ ní, "wọ́n ní o lọ wá ẹ̀rí. Ẹ̀rí dà?"

"Mo mú un wá, Baba. Ọmọ ni ẹran náà. Mo pa ọmọ."

Ògúnjọbí ti la ẹnu sílẹ̀ láti bá a jiyàn. Kò rí ẹni bá jà, ẹnu rẹ̀ kàn wà ní lílà. Ọdún mẹ́fà ló ti ń múra ìjà yìí.

"Ẹ gbé ìbọn mi fún alágbẹ̀dẹ," Ọdẹ́yalé ní. "Ṣùgbọ́n, Baba, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó gbé e, ẹ jẹ́ kí n fi bí mo ṣe mọ̀ hàn yín." Kò dúró gbàṣẹ. Ó ti fa àkàbà, ó ti gun àjà. Ó ń tú àwọn àgbọ̀n sílẹ̀, èéfín ń bọ́ sára àwọn àgbààgbà. Ó fi eyín kẹta hàn wọ́n, ó sọ ọ̀rọ̀ ààrò ìdáná, ó sọ ti ilà funfun àti pupa. Lẹ́yìn náà ló gbé àkọ́kọ́ sókè.

"Olórí mẹ́ta. Okùn pupa. Ta ló ni okùn pupa?"

Ẹnì kan húkọ́ lẹ́yìn. Ó dìde, ó lọ jókòó sọ́dọ̀ ajá.

"Olórí mẹ́ta. Okùn oníkókó méjì."

Òmíràn dìde. Báyìí ni wọ́n ń bọ́ sílẹ̀ lórí àga lọ́kọ̀ọ̀kan, ọdẹ mẹ́sàn-án. Nígbà tó kan okùn funfun, Ọdẹ́yalé wò ó, ó fẹ́ fi sẹ́yìn. Olúọdẹ na ọwọ́, ó gbà á, ó fi àtàǹpàkò àgbà ka eyín: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.

"Hùn," Olúọdẹ ní. "Ìwo èyí gùn, àbí? Mo rántí rẹ̀. Mo fi jó." Ó gbé filà rẹ̀, ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó lọ jókòó láàárín àwọn ajá. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti dá ẹjọ́:

"Bí a bá ní ká rọ gbogbo ìbọn yìí, ọkọ́ á pọ̀ ju iṣu lọ ní Ìdí-Ọ̀mọ̀. Ìwé ni àwọn baba wa so kọ́ àjà fún wa, èéfín la fi ń sun ún. Gbogbo ìbọn wa yóò wà lára ògiri títí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, àwa náà yóò sì jókòó síhìn-ín. Láti òní, ẹni tó bá pa ẹran, kó ya ẹnu rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn kó tó bó o. Ọdẹ́yalé, ìwọ ti lo ọdún mẹ́fà. Gba ìbọn rẹ. Padà sórí àga."

Ọdẹ́yalé gba ìbọn, ó fi aṣọ nù ún. "Ẹ ṣé, Baba. Àga, ẹ fi sílẹ̀. Ibi yìí ti mọ́ mi lára." Ẹ mọ̀ ọ́n, kò ní í jẹ́ kí wọ́n sọ pé wọ́n ṣe é lóore.

Ọ̀rọ̀ wá di pé ilẹ̀ kò gba ènìyàn mọ́. Àwọn ajá dìde láàárín àwọn ọdẹ, wọ́n wò yíká, wọ́n sì gun orí àga lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù lókè pẹ̀lú wọn: Ògúnjọbí. Àgbọ̀n tirẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jẹ́ olórí méjì, tó ti jẹ dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó jókòó sí àárín ajá mọ́kànlá bí olóyè wọn, kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó na igbá ẹmu sí i, nítorí ìsàlẹ̀ ni ẹmu ti ń lọ yíká, ìsàlẹ̀ ni ẹ̀rín wà.

Ó fara dà á títí. Nígbà tó yá, ó wo Ọdẹ́yalé, ó ké: "Bó-Dé-Ń-Kọ́, ṣé àyè wà nílẹ̀ níbẹ̀?"

Bó-Dé-Ń-Kọ́ ti sùn lọ lórí àga Olúọdẹ.

Ọdẹ́yalé kọjú sí ògiri. "Ọjọ́-Ń-Bọ̀, sọ fún un pé…" Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́-Ń-Bọ̀ náà wà lórí àga kan náà, ó gbé orí lé Bó-Dé-Ń-Kọ́ lẹ́yìn, ó ń hanrun.

Kò sí ajá tó ń gbọ́. Gbogbo ilé ọdẹ ń wò wọ́n. Ọdẹ́yalé mí kanlẹ̀. Ó gbé ìdí, ó sún. Ó sún ní ìwọ̀n ìka méjì.

"Ògúnjọbí, jókòó. Òótọ́ lo sọ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n o kò mọ ìdí rẹ̀, ìwo lo wò. Àti ẹ̀rín tí o rín mi, n kò tíì gbàgbé rẹ̀."

Ògúnjọbí ti ń bọ́ sílẹ̀ lórí àga. "Ta ló ní kí o gbàgbé? Ṣé ara mi ni ìka méjì á gbà? Sún sí i, jàre."

Ọdẹ́yalé sún ìka kan sí i.

Ibi tí mo bá ìtàn náà jókòó sí nìyí, ibẹ̀ ni mo fi í sílẹ̀ sí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó má bá mi jiyàn. Kó lọ ya ẹnu àgbọ̀nrín, kó ka ọ̀kan, kó ka èjì, kó wá sọ ohun tó bá lórí ẹ̀kẹta fún wa.